Ọjọ́ Tí Mo Dá Sí Ọ̀rọ̀ Ìmọ́lẹ̀ Tí Kò Yé Mi

Enschede,
Ọjọ́ Àìkú, nínú oṣù kọkànlá.

Wessel, ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Mo kí ọ. Mo kí Truus ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ, mo sì kí gbogbo màlúù tí ẹ ń sìn ní Kánádà níbẹ̀ yẹn, nítorí mo mọ̀ pé tí mo bá fo àwọn màlúù dá, o ò ní ka ìwé mi dé ìsàlẹ̀. Ṣé orúnkún rẹ ṣì ń gbé ọ dìde láàárọ̀? Ṣé eyín tuntun yẹn ti ń bá ọ jẹun, àbí inú ife omi ló ṣì ń gbé? Ara tèmi ò burú. Mo ń rìn, mo ń jẹun, Dinie ìyàwó mi sì ń bá mi jà lójoojúmọ́, èyí tó fi hàn pé ara tirẹ̀ náà le. Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ìwé yìí bá gbogbo yín nínú ìlera àti nínú ilé tó móoru.

Mo mọ̀ pé ìròyìn kan ti ṣáájú ìwé yìí dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mina àbúrò rẹ wà nínú gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, mo rí fìlà aláwọ̀ ewé rẹ̀, kò sì sí bí Mina ṣe máa rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kó má gbé fóònù. Ó ti sọ fún ọ pé Berend dójú ti ọmọ ọmọ rẹ̀ níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n. Má gbà á gbọ́ tán. Má sì sọ pé irọ́ ni. Èmi tí mo ṣe é gan-an, mi ò tíì mọ ohun tí mo ṣe: ṣé mo ba nǹkan jẹ́ ni, àbí mo tún un ṣe. Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn, orí mi dà bí apẹ̀rẹ̀ òwú tí ológbò ti ṣeré nínú rẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ rò ó fún ọ látòkè délẹ̀, kí o bá mi dá ẹjọ́ náà. Nígbà tí a jọ wà nílé iṣẹ́ ìhunṣọ, ìwọ náà lo máa ń dá ẹjọ́ gbogbo wa, o sì máa ń dá a sódì, ṣùgbọ́n ọkàn wa máa ń balẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Jorien ni mò ń wí, ọmọ Frans ọmọ mi. O rántí rẹ̀: ọmọ kékeré tó tú tọ́ọ̀ṣì rẹ palẹ̀ lọ́dún tí ẹ wá kí wa, tó ní òun ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ń sùn sí. Ó ti dàgbà báyìí, ó ga jù mí lọ, kò sì tíì jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ìmọ́lẹ̀. Yunifásítì tó wà lẹ́yìn igbó níbí ló ti ń ṣiṣẹ́, nínú yàrá kan tí wọn kì í jẹ́ kí eruku wọ̀. Kí o tó lè wọbẹ̀, wọ́n á fi aṣọ funfun bò ọ́ látorí dé àtẹ́lẹsẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ lọ kó oyin. Ó mú mi débẹ̀ rí, ó ní kí n dúró sójú fèrèsé kí n máa wò. Mo bi í pé, "Ṣé èmi ni eruku ni?" Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ̀yin gan-an ni olórí eruku."

Jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ náà fún ọ bó ṣe yé mi, ìyẹn ni pé kò yé mi. Ó ń mú òkúta dúdú pẹlẹbẹ kan, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe inú kọ̀ǹpútà, tí kò tó èékánná ọmọ ìkókó. Á lu ihò sí i láti iwájú, á tún lu ihò mìíràn sí i láti ẹ̀gbẹ́, tí tibí á máa gba inú tọ̀hún kọjá, bí òwú òòró àti òwú ìbú ṣe máa ń pàdé lórí ẹ̀rọ wa. Àwọn ihò náà kéré débi pé tí o bá gbé fọ́nrán irun kan sí ẹ̀gbẹ́ wọn, irun á dà bí òpó ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wọn gbọ́dọ̀ jọra, àlàfo àárín wọn sì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Tó bá wá tan ìmọ́lẹ̀ sí i, irú àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ kan báyìí kò ní lè wọlé. Á dé ẹnu ọ̀nà, á ṣẹ́rí padà síbi tó ti ń bọ̀. Kì í sì í ṣe pé nǹkan dí àwọn ihò náà o! Àwọn ihò náà ló dí i. Wessel, ahunṣọ ni ìwọ náà. Ṣé o ti gbọ́ ọ rí pé wọ́n fi ihò dí ọ̀nà?

Nígbà tí ooru ń mú lọ́dún yìí ló wá sílé wa. Ó mu kọfí, ó jẹ bisikíìtì kan ṣoṣo tí Dinie máa ń fúnni kó tó ti páànù rẹ̀ pa, ó wá ní òun ti parí ìwé òun, wọ́n ti fọwọ́ sí i, ó ku ọjọ́ tí òun máa dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n kí òun gbèjà rẹ̀, kí wọ́n tó fi òun jẹ oyè ọ̀mọ̀wé. O mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa níbí ẹni tó ń gbèjà ìwé kì í dá dúró. Ènìyàn méjì á wọ kóòtù oníìrù, èyí tó gùn sílẹ̀ lẹ́yìn, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n á dúró tì í títí ó fi máa parí. Orúkọ Látìn tí wọ́n ń pè wọ́n ò ṣeé sọ fún ẹni tí eyín rẹ̀ wà nínú omi, nítorí náà olùdúrótì ni kí á pè wọ́n. Pilar, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Sípéènì tí wọ́n jọ ń lu ihò, ni àkọ́kọ́. Jorien wá kọjú sí mi, ó ní, "Ẹ̀yin ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe èkejì, Bàbá àgbà." Dinie rẹ́rìn-ín títí ó fi wá ibi jókòó. Ó ní, "Èyí tó kàwé dé kíláàsì mẹ́fà?" Mo ní kíláàsì kẹfà yẹn, mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà méje ni.

Inú mi ń dùn kiri àdúgbò títí di ọjọ́ tí mo sọ ọ́ nídìí káàdì. Ṣé o rántí Graads tó máa ń pín lẹ́tà? Ó gbé káàdì rẹ̀ dojú bolẹ̀, ó wò mí bí ẹni ń wo òkú. "Berend, ṣé o mọ iṣẹ́ tí o gbà yẹn?" Mo ní iṣẹ́ ìdúró ni, mo sì ti ń dúró láti ìgbà tí mo ti dàgbà. Ó ní, "Ìdúró kẹ̀? Ẹ wò ó lẹ́nu! Ọmọ ogun ni wọ́n fi ọ́ ṣe. Tí ìbéèrè bá le ju ọmọ yẹn lọ, tó dákẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ ni wọ́n máa yí ojú sí. Ìwọ lo máa dáhùn. Tí ìwọ náà bá dákẹ́, ó tán nìyẹn, wọ́n á ká oyè wọn, wọ́n á máa lọ sílé." Mo rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Àwọn tó kù nídìí tábìlì náà ò rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo rán ìwọ Wessel lọ sí ọ́fíìsì ọ̀gá pé kí o lọ gba kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n fi ń ṣí kókó òwú, mi ò fura! Mo délé, mi ò lè jẹ ọ̀dùnkún mi tán.

Bí mo ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn lọ́jọ́ ogbó mi. Gbogbo ọjọ́ Àìkú tí Jorien bá wá, mo ti gbé àga sí ìdí tábìlì ilé ìdáná dè é. Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Mo kàn ní ojú ń tì mí láti dúró ti nǹkan tí mi ò mọ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó gbé páálí ẹyin Dinie kalẹ̀, ó ní kí n wo bí àwọn kòtò rẹ̀ ṣe tò lọ gbọnrangandan. Ó ní ìmọ́lẹ̀ dà bí ìgbì omi, pé bó bá ṣe ń kan ihò kọ̀ọ̀kan, díẹ̀ nínú rẹ̀ á máa ta padà, gbogbo àwọn tó ń ta padà náà á bára wọn ṣọ̀kan, wọ́n á sì lé e sẹ́yìn pátápátá. Mo ní, "Nítorí náà ìmọ́lẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà." Ó ní, "Ó jọ bẹ́ẹ̀." Mo ní, "Bí èmi àti ìyá àgbà rẹ." Dinie ju aṣọ ìnuwọ́ lù mí láti ìdí sítóòfù. Jorien kọ nǹkan sórí pépà rẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ mi ló kọ tàbí ó ń ya àwòrán ẹyin.

Èyí tó wá da gbogbo rẹ̀ rú fún mi ni ọ̀rọ̀ ihò kan. Ó ní lẹ́yìn tí òun bá ti lu gbogbo ihò bákan náà, òun á mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ọ̀kan láàárín ní kékeré ju àwọn tó kù lọ. Mo pariwo. Mo ní, "O ti ba aṣọ jẹ́!" Ọmọ ọlọ́mọ wò mí. Mo ní, "Ibi tí òwú kan bá ti já, ibẹ̀ ni atẹ́gùn ń gbà. Ìmọ́lẹ̀ á jò jáde níbẹ̀." Ó ní rárá, pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ti yọ́ dé ibi ihò kékeré yẹn, ibẹ̀ ló máa há sí, pé iyàrá kékeré ni òun ṣe fún un, kò sì ní rí ibi jáde. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ó tún un sọ. Mo ní kò ṣeé ṣe. Wessel, àwa méjèèjì mọ iye aṣọ tí wọ́n dá padà fún wa tìtorí òwú kan ṣoṣo tó já, tí ọ̀gá á gbé e sókè síbi iná, tí á ní, "Ẹ wá wo ojú ọ̀run níbí." Kí ẹnìkan wá sọ fún mi lónìí pé ibi tó ní àléébù gan-an ni kì í jò? Mo ní kí á máa wò ó. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a tún bẹ̀rẹ̀ látorí páálí ẹyin.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yí padà rèé. Lọ́jọ́ kan tí òun àti Dinie ń bó ọ̀dùnkún, ó ń bó ọ̀kan títí ó fi kù bí kóró èso tí wọ́n ti lá tán. Dinie gba ọ̀bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní, "Kí ló ń ṣe ọ́?" Ló bá sọ ọ́. Ó ní ní oṣù kẹta òun lọ sọ̀rọ̀ nípa òkúta òun níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ ní Jámánì. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan báyìí, Terwindt, ará ìhà etíkun, ẹni ńlá nínú iṣẹ́ náà, dìde, ó bi òun ní ìbéèrè kan. Òun mọ ìdáhùn rẹ̀. Ó wà lórí ahọ́n òun. Ṣùgbọ́n ahọ́n òun kọ̀. Òun dúró bẹ́ẹ̀ bí ère, gbogbo ènìyàn ń wo òun, títí alága fi ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún òun, kí òun lọ jókòó. Ó ní, "Wọ́n ti fi í sínú àwọn tó máa bi mí ní ìbéèrè báyìí. Ìbéèrè yẹn náà ló máa bi mí, mo mọ̀. Tí mo bá tún dákẹ́ níbẹ̀, níwájú yín, níwájú bàbá mi, Ìyá àgbà, mi ò ní wọ yàrá yẹn mọ́ láyé mi. Kò sí nǹkan tí oyè máa ṣe fún mi." Dinie ní wọn ò tíì lé ẹnikẹ́ni láìgboyè ní gbọ̀ngàn yẹn rí. Jorien ní, "Kì í ṣe pé wọ́n á lé mi. Èmi ni mo máa lọ."

Ṣé o rí wàhálà tí mo wà? Jorien ń bẹ̀rù pé òun máa dákẹ́. Graads sì ti sọ fún mi pé tó bá dákẹ́, èmi ló kù. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ Graads fún ọmọ náà, kí n má lọ dá kún ẹ̀rù rẹ̀. Mi ò lè sọ fún Dinie, yóò ní kí n gbé ipò náà sílẹ̀ fún Frans. Mo wá ń ka ìwé Jorien fúnra mi lórí ibùsùn. Ojú ìwé tí mo fi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ó yé mi ni èyí tó ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àgbà rẹ̀ fún bisikíìtì. Ìyókù jẹ́ ìlà tó ń gòkè tó ń sọ̀ kalẹ̀, àti àwòrán ihò.

Ọjọ́ náà pé. Wọ́n fi kóòtù oníìrù wọ̀ mí, aṣọ àyáwọ̀, ó fún mọ́ mi lápá, ó sì fẹ̀ jù lẹ́yìn. Dinie wò mí láti ẹsẹ̀ dé orí, ó ní, "O dà bí alápàáǹdẹ̀dẹ̀ tó jẹun yó." Pilar tirẹ̀ wọ̀ ọ́ bí ẹni tí wọ́n dá a fún. Obìnrin tó ń gbé ọ̀pá oyè ló ṣáájú, ó ń fi ọ̀pá náà kanlẹ̀, agogo kéékèèké tó wà lórí rẹ̀ ń dún, àwa tẹ̀ lé e wọ gbọ̀ngàn, gbogbo ènìyàn dìde. Èdè wa ni wọ́n sọ lọ́jọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń sọ níbẹ̀, ṣùgbọ́n Jorien ló bẹ̀ wọ́n nítorí tiwa. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó sí iwájú nínú agbádá dúdú àti fìlà pẹlẹbẹ. Mo wá Terwindt láàárín wọn, mo rí i: ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, ohùn rẹ̀ rọ̀, kò tilẹ̀ jọ ẹni tó ń dẹ́rù ba ènìyàn. Irú wọn ló máa ń burú jù.

Àwọn àkọ́kọ́ bèèrè tiwọn, Jorien dáhùn dáadáa. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n ó ń jáde. Ó wá kan Terwindt. Ó kí i, ó yin iṣẹ́ rẹ̀, ó ṣí ìwé náà, ó ní, "Omidan, kò sí ọwọ́ ènìyàn tó lè lu ihò tó pọ̀ tó báyìí kí gbogbo wọn jọra. Àwọn kan á ṣèèṣì yàtọ̀. Tí ihò kan bá yàtọ̀, kí ni ìmọ́lẹ̀ máa ṣe níbẹ̀? Báwo sì lo ṣe mọ̀ pé inú ihò tí o mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ní kékeré ni ìmọ́lẹ̀ há sí, tí kì í ṣe inú àṣìṣe ọwọ́ rẹ?" Mo rí ẹ̀yìn ọrùn Jorien, ó pọ́n, ó tún funfun. Ó la ẹnu. Nǹkan ò jáde. Ọwọ́ rẹ̀ di etí tábìlì mú. Terwindt ń dúró dè é, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, ìyẹn tún wá burú sí i. Mo wo Pilar, Pilar ń wo ilẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà wá gbé ojú kúrò lára Jorien, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ojú rẹ̀ sì bọ́ sí tèmi.

Wessel, ọ̀rọ̀ Graads dún ní etí mi bí agogo. Mo ní ó ti dé. Mo fi ẹsẹ̀ kan síwájú, ìrù kóòtù mi kọ́ àga, àga ṣubú, mo sì fi ohùn tí a fi ń pe ara wa nínú ariwo ẹ̀rọ sọ pé, "Ó máa jò ni! Gbogbo ìmọ́lẹ̀ á gba ibẹ̀ jáde bí atẹ́gùn ṣe ń gba ibi òwú tó já, kò sì sí ẹni tó lè dá a dúró!"

Ẹ̀rín bú jáde. Ẹ̀rín yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Frans fi ọwọ́ méjèèjì bojú. Obìnrin tó jẹ́ alága ìjókòó gbé ọwọ́ sókè, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n Jorien ti yí padà sí mi, ojú rẹ̀ ń tàn yanran, ó ti gbàgbé gbogbo wọn, ó sì jágbe mọ́ mi bí ẹni pé ilé ìdáná wa la wà: "Bàbá àgbà, rárá o! Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa sọ ọ́? Kò ní jò! Ibo ló máa gbà? Òkè, ilẹ̀, ọ̀tún, òsì, ihò tó yí i ká ò ní jẹ́ kó kọjá. Ihò kékeré yẹn nìkan ló gbà á, ibẹ̀ ló máa jókòó sí!" Mo ní, "Tó bá wá jẹ́ pé àṣìṣe ni ńkọ́?" Mi ò mọ ìgbà tí ó bọ́ lẹ́nu mi, àríyànjiyàn ti wọ̀ mí lára. Ó ní, "Tó bá jẹ́ àṣìṣe ni, òkúta kan á ní tirẹ̀ níbí, òmíràn á ní tirẹ̀ lọ́hùn-ún, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ tó há níbẹ̀ á sì máa yàtọ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo òkúta tí mo ṣe, ojú kan náà ni, àwọ̀ kan náà ni!" Ibẹ̀ ló ti rántí pé kì í ṣe èmi ni mo bi í. Ó yí padà sí Terwindt díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò dúró mọ́. "Nígbà tí mo sì tún ihò náà ṣe ní fífẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ ìmọ́lẹ̀ náà tẹ̀ lé e, ó yí padà bí mo ṣe ṣírò rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n, àṣìṣe wo ló máa ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu báyẹn?"

Terwindt rẹ́rìn-ín. Ó tún bi í ní òmíràn, Jorien dá a lóhùn. Ó bi í ní ẹ̀kẹta, Jorien ní òun ò gbà pẹ̀lú rẹ̀, ó sì sọ ìdí. Wọ́n ń bá a bọ̀, wọ́n ń jà bí ọmọ ìyá, títí obìnrin tó ń gbé ọ̀pá oyè fi tún wọlé, tó fi ọ̀pá kanlẹ̀, tó sọ gbólóhùn Látìn tó ń jẹ́ pé wákàtí ti pé. Jorien ò tíì parí ọ̀rọ̀. Ó ṣe é bí ẹni pé kí ó gba ọ̀pá lọ́wọ́ obìnrin náà.

Wọ́n jáde, wọ́n gbìmọ̀, wọ́n padà, wọ́n fi í jẹ oyè. Alága gbé ìwé oyè náà fún un nínú páìpù pupa. Kó tó kásẹ̀ ìjókòó nílẹ̀, ó wò mí lókè awò ojú rẹ̀, ó ní, "Bàbá olùdúrótì, a kí yín fún iṣẹ́ takuntakun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé àga yẹn dìde." Mina á ti sọ apá yẹn fún ọ. Ó ṣeé ṣe kó má sọ èyí tó ṣáájú.

Níbi ìgbàlejò lẹ́yìn rẹ̀ ni mo ti dààmú jù. Frans ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ó fi mu bíà kejì. Pilar dì mọ́ mi, ó ní òun ò rí ọgbọ́n tó tó ìyẹn rí, pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ọ̀rọ̀ sọ kí Jorien lè bínú. Mo ní rárá, mo gbà pé òótọ́ ni mò ń sọ. Ó ṣẹ́jú sí mi, ó ní, "Ó dáa, Bàbá." Terwindt wá bọ̀ mí lọ́wọ́, ó jẹ àkàrà ẹran gbígbóná tí wọ́n ń gbé kiri, ó jó o lẹ́nu, ó ń fẹ́ ẹnu fùù, fùù, ó ní nígbà tí òun wo apá ọ̀dọ̀ mi, aago tó wà lára ògiri lẹ́yìn mi ni òun ń wò. Aago! Dinie ní kí n má dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́, pé mo ti sọ tèmi. Mo wá Graads kàn níbi tó ti ń kó wàràkàṣì sínú àwo. Ó ní, "Berend, wọn ò tíì bí bàbá bàbá wa nígbà tí wọ́n jáwọ́ nínú àṣà yẹn. Kò sí olùdúrótì tó ń dáhùn nǹkan kan mọ́. Mo rò pé o mọ̀ pé eré ni." Mo wò ó. Mi ò mọ̀ bóyá kí n gbá a létí tàbí kí n ra ọtí jẹ́nẹ́fà fún un. Mo ra jẹ́nẹ́fà fún un, mo wá fi ìgbọ̀nwọ́ kan àwo wàràkàṣì náà dànù.

Kí a tó lọ sílé, mo fa Jorien sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan níbi tí wọ́n ń kó kóòtù sí. Mo bi í lójúkojú. Mo ní, "Sọ òótọ́ fún mi. Ṣé mo dójú tì ọ́ ni àbí mo ràn ọ́ lọ́wọ́?" Ó tún táì mi ṣe, ó ní, "Ẹ dójú tì mí gan-an, Bàbá àgbà. Títí ayé ni wọ́n á máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ mi nílé iṣẹ́." Ó wá fi orí lé mi léjìká, nínú kóòtù àyáwọ̀ yẹn, ó ní, "Ẹ ṣeun." Ìdáhùn nìyẹn! Mo béèrè pé kí ni òun ń dúpẹ́ fún, ó ti sáré lọ bá Pilar. Wọ́n ti fún un níṣẹ́ níbẹ̀, ní yàrá aláìleruku náà. Ọ̀la ọjọ́ Ajé ló máa bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun máa lọ síbẹ̀.

Wessel, bí ọ̀ràn ṣe rí nìyí. Dá ẹjọ́ náà bí o ṣe máa ń dá a, fi í ránṣẹ́ sí mi, kí n lè mọ èyí tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kí Ọlọ́run dá orúnkún rẹ sí, kí wàrà àwọn màlúù rẹ pọ̀, kí òjò dídì ọdún yìí má ga ju ilẹ̀kùn yín lọ. Kí á tún fojú kan ara wa kí ojú méjèèjì tó ṣú. Dinie kí yín. Ó ní kí n sọ fún Truus pé òun ní sùúrù ju bó ṣe rò lọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti ìdí ẹ̀rọ,
Berend.

Ọ̀rọ̀ kan kù: Mo ti fẹ́ lẹ ẹnu àpò ìwé yìí pa nígbà tí Jorien wọlé láti kí wa. Mo fún un kà. Ó rẹ́rìn-ín níbi àwọn màlúù, ojú rẹ̀ pọ́n níbi ọ̀dùnkún, ó wá ní mo ti kọ ibi kan sódì. Ó ní òótọ́ ni pé òkúta náà ń lé ìmọ́lẹ̀ padà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ nìyẹn. Pé inú òkúta náà kò láyè fún irú ìmọ́lẹ̀ yẹn rárá, pé bí o bá tilẹ̀ gbé àtùpà kékeré sínú rẹ̀, kò ní lè tan àwọ̀ yẹn. Ó ti wọ kóòtù rẹ̀, kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Mo ní, "Ta ló wá sọ fún àtùpà náà pé kò sí àyè?" Ó bọ́ kóòtù, ó gbé e kọ́, ó sì fa àga jókòó.